Ìràwọ̀ Tí Mo Pè ní ti Ìdájí

Ìbéèrè méjì lẹ bi mí lánàá, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, mo sì díbọ́n bíi pé oorun ń kùn mí kí n má baà dáhùn. Ẹ ní kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹ máa wò lójú ọ̀run lóṣù yìí, nítorí fóònù Ìdáyá yín yìí ti sọ tirẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi bá a mu. Ẹ tún ní kí ló dé tí Àǹtí Ṣìfáwù yín kò gbé oúnjẹ alẹ́ wá fún mi mọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìbéèrè kìíní fúyẹ́, èkejì wúwo. Ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ fa àga sún mọ́ mi níta níhìn-ín, bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá gbà wá láyè.

Ẹ gbójú sókè ná. Kí lẹ rí? Láti ìhín yìí ní Ketu, ojú ọ̀run ò dúdú mọ́. Iná ọjà Mile 12 ń ràn án láti ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń já tòmátì àti àlùbọ́sà tí wọ́n kó wá láti òkè Ọya. Iná àwọn ará Magodo ń ràn án láti ìhà kejì, àwọn tí iná géètì wọn kì í kú títí oòrùn á fi gun orí, bíi pé olè ń jalè lọ́sàn-án gangan. Ojú ọ̀run wá ṣá bí aṣọ aró tí wọ́n ti fọ̀ fún ogún ọdún. Nígbà tí mo wà ní géńdé ní Agboyi, ìlú wa tó wà láàárín omi, bí òṣùpá bá wọ̀ tán, òkùnkùn á bò wá débi pé èèyàn ò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀, ìràwọ̀ á sì pọ̀ lókè bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Wọ́n á tún pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú omi. Ẹni tó bá ń tukọ̀ á máa fi àjẹ̀ fọ́ ìràwọ̀ lọ.

Ó dáa, ẹ gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè kìíní. Lóṣù yìí tí oyẹ́ ṣì ń fẹ́, bí ẹ bá kírun ìṣáì tán, ẹ wo ọ̀gangan orí yín. Àwọn ìràwọ̀ wíńníwínní kan wà tí wọ́n ṣù mọ́ra wọn. Ìyá mi ń pè wọ́n ní Adìyẹ Tọmọtọmọ, ó sì máa ń ní kí n ka àwọn ọmọ adìyẹ náà kí òun mọ̀ bóyá ojú mi ṣì dá. Mẹ́fà ni mo máa ń kà. Ẹ̀gbọ́n mi Bùràímọ̀ máa ń ka mẹ́jọ, n kò mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ojú sí gúúsù, níhà ibi tí ọ̀sà wà. Ìràwọ̀ kan ń bẹ níbẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Ìràwọ̀ Ọkọ̀ nìyẹn. Òun ni àwọn baba wa fi ń mọ̀nà lórí omi. Ìràwọ̀ Ìdájí ní tirẹ̀ kì í yọ lásìkò yìí títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ ò ní rí i àfi bí ẹ bá jí ṣáájú àsùbáà, èyí tí mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe. Òun náà ni Àgùàlà tó máa ń bá òṣùpá rìn nígbà mìíràn, tí àwọn èèyàn ń rò pé ajá òṣùpá ni.

Ó wá ku èyí tó ń yọ bọ̀ níwájú yín yìí, láti ìlà-oòrùn, lókè òrùlé onípáànù yẹn. Ó tóbi, ó funfun, kì í ṣẹ́jú. Ìdáyá ní Júpítà ni fóònù pè é. Ní Agboyi, Atannijẹ là ń pè é. Òun ló ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin ti dé Agboyi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì ń ráhùn pé ẹ̀rọ àwọn tó ń fa iyanrìn ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín. Nígbà tiwa, bí ẹja bá ta lódò, a máa ń gbọ́ ọ nínú ilé. A máa ń gbọ́ omi tó ń lá ìdí ọkọ̀, a máa ń gbọ́ ìyá mi tó ń wúkọ́ nídìí ẹja tó ń yan, a sì máa ń mọ ẹni tó ń kọjá lódò láti bí àjẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wọ omi. Baba mi a máa fa àjẹ̀ ní kúkúrú kúkúrú bí ẹni tó ń bínú. Bùràímọ̀ a máa fa tirẹ̀ gùn, á sinmi díẹ̀, á tún fà á. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní oorun ló ń kùn ún, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣáájú gbogbo wa dé ìdí ìgèrè tí a fi ń mú ẹja.

Ṣùgbọ́n àwọn apẹja wa kì í dédé wọ odò. Ìdí ni pé àwọn onígẹdú máa ń kó igi wá láti òkè odò Ògùn. Wọ́n á so ìtì igi rẹpẹtẹ pọ̀ bí ẹní, omi á sì máa gbé e lọ sí ọ̀sà ní òru. Kò níná, kò ṣeé dá dúró, ọkọ̀ kékeré tó bá pàdé rẹ̀ nínú òkùnkùn ti di èérún. Bí Ìràwọ̀ Ìdájí bá yọ, àwọn onígẹdú á ti so igi wọn mọ́ etí omi níbì kan láti sinmi. Ìgbà yẹn ni odò tó di tiwa. Torí náà, a máa ń ṣọ́ ìràwọ̀ yẹn ni. Ilé kan á ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ilé mìíràn á gbà á. Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn á sùn sétí omi lórí ẹní. Bó bá rí ìràwọ̀ náà, á fi àjẹ̀ kan ìdí ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, kì í dín, kì í lé. Gbò, gbò, gbò. Gbogbo ìlú á jí.

Kí olùṣọ́ tó kan án, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Baba mi ló kọ́ mi. Lásìkò oyẹ́, bó bá jẹ́ Ìràwọ̀ Ìdájí ló yọ lóòótọ́, Ìràwọ̀ Ọkọ̀ á ti tẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan orí igi. Bí Ìràwọ̀ Ọkọ̀ bá ṣì wà lókè réré, Atannijẹ lo rí, padà sùn. Ohun tó rọrùn bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọdé lè ṣe é.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gba orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nígbà náà. Ẹ̀yin òde òní, bí ààwẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀ bó ṣe kù yìí, fóònù lẹ máa ń tẹ̀ láti mọ̀ bóyá oṣù ti lé. Àwa, gbogbo ìlú ló máa ń dúró sétí omi ní ìrọ̀lẹ́, tọkùnrin tobìnrin, a ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, Lèmọ́mù á wà níwájú. Lọ́dún yẹn, mo gun igi kí n lè rí i ṣáájú ẹlòmíràn. Mo rí nǹkan tín-ín-rín kan tó tẹ̀ bí èékánná, mo sì ké pé mo ti rí i. Ojú mi ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí mo jẹ́ olójú dídá. Wọ́n jí sàárì, wọ́n gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìrọ̀lẹ́ dé, gbogbo wa tún jáde wá wo oṣù tó yẹ kó ti sanra díẹ̀. Kò sí. Ìkùukùu ni mo rí. Arúgbó àti aboyún ti febi pa ara wọn ní ọjọ́ kan gbáko nítorí ìkùukùu.

Lèmọ́mù kò bínú, ó ní Ọlọ́run á kọ ọ́ sí láádá wa. Àwọn yòókù ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Láti ọjọ́ yẹn, Aróṣù ni mò ń jẹ́. Bí mo bá ń kọjá, àwọn obìnrin tó ń to ẹja á ní, ‘Aróṣù, bá wa wò ó bóyá ọdún ti dé.’ Bí mo bá sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, wọ́n á sá aṣọ sóòrùn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe mọ̀ lọ.

Oyẹ́ ọdún yẹn kan náà ni ìṣọ́ kan ilé wa, èmi ni wọ́n sì fi ṣọ́ ọ. Sàlámótù, ìyàwó Bùràímọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin, ọmọ náà pé ọjọ́ márùn-ún, ìsọmọlórúkọ sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Ilé Bùràímọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kò ní láti gba ọ̀dọ̀ mi kọjá kó tó wọ odò.

Òtútù mú mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo faṣọ borí, mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Nígbà tí mo lajú, ìràwọ̀ ńlá kan ti yọ lórí igi òdì kejì odò. Ó funfun, kò ṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti nà gbọọrọ lórí omi. Mo rò pé mo ti sùn kọjá àkókò. Mo gbé àjẹ̀, mo kan ọkọ̀ náà, mo tún kan án. Mo ti gbọ́wọ́ sókè fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí n tó rántí pé n kò wẹ̀yìn wò. Mo wẹ̀yìn. Ìràwọ̀ Ọkọ̀ ṣì wà lókè, ó jìnnà sí orí igi gan-an. Ààjìn ni.

Mo gbé àjẹ̀ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ. Mo tẹ́tí. Ilẹ̀kùn kankan ò dún. Ajá kan gbó, ó dákẹ́. Mo ní Ọlọ́run yọ mí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ àjẹ̀ nínú omi láti ìsàlẹ̀ ìlú. Wọ́n fà á gùn, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún fà á.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ má wá àwáwí fún mi: mo mọ̀. Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kan péré, á gbọ́, omi máa ń gbé ohùn dáadáa lóru. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é, gbogbo ìlú á jí, wọ́n á jáde, wọ́n á wojú ọ̀run, wọ́n á sì mọ̀ pé Aróṣù tún ti rí ohun tí kò sí. Mo rò ó. Mo ní á rí Ìràwọ̀ Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, á sì padà. Mo faṣọ borí. Nígbà tí Ìràwọ̀ Ìdájí gan-an yọ, tí mo wẹ̀yìn wò tí ohun gbogbo pé, mo dìde, mo kan ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta geere.

Lọ́sàn-án, wọ́n rí ìlàjì ọkọ̀ rẹ̀ láàárín ìtì igi. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni omi gbé òun fúnra rẹ̀ jáde. Wọ́n sin ín tán kí wọ́n tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Ṣìfáwù.

Àwọn àgbà pè wá jọ. Wọ́n béèrè ohun tó lé Bùràímọ̀ sódò ní irú àkókò yẹn. Sàlámótù ní òun ń fún ọmọ lọ́mú nígbà tí òun gbọ́ tí wọ́n kan ọkọ̀, òun ló sì jí ọkọ òun. Wọ́n bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló gbọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí olùṣọ́ tó ń kan ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láyé, gbogbo ìlú ló sì gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta tó dún nígbà tó yẹ. Wọ́n yíjú sí mi. Mo ní n kò kan nǹkan kan ṣáájú àkókò. Baba mi wò mí, ó sì wo ilẹ̀. Bó ṣe parí nìyẹn. Wọ́n ní Sàlámótù ló fẹ́ kí ẹja pọ̀ níbi ìkómọ, tó lé ọkọ rẹ̀ sódò lóru, tó wá ń fi ariwo tí kò dún bo ara rẹ̀. Obìnrin abiyamọ ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ń pè é ní olójúkòkòrò lójú ara rẹ̀.

Ẹ mọ bí ìyàwó ilé ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọkọ mi ni Sàlámótù ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, ó sì máa ń tọ́jú orí ẹja dè mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bá mi lẹ́yìn ilé. Kò sunkún. Ó ní, ‘Ọkọ mi, èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbí. Ṣé ẹ kò kan án lóòótọ́?’

Mo ní, ‘Ẹ̀yin lẹ lálàá.’

Kò pè mí ní ọkọ mi mọ́ títí ó fi kú. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sọdá omi wá sí Ketu níhìn-ín, ó ń ta ata lẹ́bàá títì, ìgbà tí ọjà Mile 12 sì ń gbilẹ̀, ó gba ìsọ̀ níbẹ̀. Èmi náà kúrò lódò, mo kọ́ṣẹ́ káfíńtà, mo kọ́lé yìí. Mo ràn án lọ́wọ́ títí. Mo san owó ilé ìwé Ṣìfáwù, mo ṣe bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé n kò gbàgbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣìfáwù gba ìsọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tí ara ìyá náà kò gbé e mọ́, bó bá sì ti pa ọjà dé lálẹ́, ó ń gbé oúnjẹ mi wá. Mo jẹ oúnjẹ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí òtítọ́ bá dé tí ẹni tó ń dúró dè é ti lọ. Ọdún kẹfà rèé tí Sàlámótù ti kú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Ìdáyá wà níhìn-ín pẹ̀lú fóònù, ó ń na ọwọ́ sókè. Ó ní, ‘Grandpa, Júpítà nìyẹn o.’ Ṣìfáwù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kúlà oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé Atannijẹ là ń pè é, mo sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wẹ̀yìn wo Ìràwọ̀ Ọkọ̀. Ṣìfáwù ń wò ó tìyanutìyanu. Ó ní òun ò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, ìyá òun ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ Agboyi. Ó wá béèrè, bí ẹni tó kàn ń tàkúrọ̀sọ, pé olùṣọ́ tí kò bá rántí wẹ̀yìn ńkọ́? Mo rán Ìdáyá lọ ra omi inú ọ̀rá. Ẹ rántí pé omi ò tán nílé.

Mo sọ ọ́ fún un. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí gan-an ni mo ṣe sọ ọ́, títí kan àjẹ̀ tí mo gbọ́ tí n kò pe ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, ‘Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kan án?’

Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ó wá ibi jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí n kò mọ̀. Ó ní látìgbà tí òun ti gbọ́njú ni ìyá òun ti máa ń jí lóru, á ní wọ́n ti kan ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á fẹ́ jáde lọ dá ẹnì kan dúró. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun máa ń bá a tẹ́tí. Nígbà tí òun dàgbà, òun lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Agboyi, wọ́n sì sọ fún òun pé kò sẹ́ni tó kan ọkọ̀, pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Òun gbà wọ́n gbọ́. Òun mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ń fún un ní oògùn oorun. Ní ọdún díẹ̀ tó lò kẹ́yìn, nígbà tí oògùn ò ràn án mọ́, òun ra kọ́kọ́rọ́.

‘Bàbá,’ ó ní, ‘mo ń ti màmá mi mọ́lé. Wọ́n á máa gbá ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, Ṣìfáwù, èmi ò parọ́. Èmi á ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn, mo fẹ́ jí lọ sọ́jà.’

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi àgbàlagbà. Ó ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n má ṣe é. Ó gbé kúlà náà sórí àga, ó gba ojú ọ̀nà lọ, kò sì tíì padà wá. Ìyẹn ni ìdáhùn ìbéèrè kejì.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ má lọ. Bí ẹ bá rí i lọ́jà, ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ bá a gbé apẹ̀rẹ̀ ata, ẹ má dárúkọ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún mi ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ gbé mi lọ sétí omi, kí ẹ gbé mi sọ́kọ̀ lọ sí Agboyi. Bí wọ́n bá kírun tán, mo fẹ́ kí wọ́n fún mi láyè kí n dìde níwájú àwọn èèyàn. Gbogbo àwọn tó pe ìyá rẹ̀ ní olójúkòkòrò ló ti kú. Àwọn ọmọ wọn àti àwọn àlejò tó ń ṣiṣẹ́ iyanrìn ló kù níbẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ tètè máa lọ. Bí mo bá dárúkọ Sàlámótù, wọ́n á béèrè pé ta ni Sàlámótù. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.